Pọ́ọ̀mpù Tí Mo Pààrọ̀ ní Àgbàlá Màmá Mi

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọkọ̀ mi kú sí ẹnu ọ̀nà ilé màmá mi ní Ìrókò. Mo ti tètè kúrò ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ra epo kún táǹkì nítorí àhesọ tó ń lọ nígboro pé epo tún fẹ́ wọ́n, mo sì kọrí sí ọ̀nà oko láti lọ kí wọn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọkọ̀ náà ti ń ṣe ségesège. Tí a bá dé orí òkè, á máa fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fipá jí lójú oorun, ariwo kan á sì máa wá láti abẹ́ àga ẹ̀yìn, á máa kùn bíi kòkòrò tó há sínú agolo. Mo pa á níwájú ilé kí n lè sọ̀kalẹ̀ ṣí géètì. Nígbà tí mo padà jókòó tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò gbiná. Ariwo abẹ́ àga ẹ̀yìn ti dákẹ́ pátápátá. Èmi àti obìnrin aránṣọ tó háyà yàrá iwájú lọ́dọ̀ màmá mi la jọ tì í wọ àgbàlá.

Màmá mi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wò wá. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà tó ti lọ́mọ lẹ́yìn bíi tèmi ṣì ń pè wọ́n ní Tíṣà nílùú náà. Inú ilé tí bàbá mi kọ́ kí wọ́n tó kú ni wọ́n ń gbé. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ọlọ́runṣògo nílùú Ìbàdàn, wọ́n ní ta ni yóò wá máa ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi láàárọ̀ Sọ́ńdè.

"Ṣé ó ti kú pátá ni?" wọ́n bi mí.

"Ó ti kú, Mọ́mì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tí bàbá ẹ bá wà ni, wọn ì bá ti wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí."

Wọn ò fi bú mi. Ìyàwó tó ń rántí ọkọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bàbá mi mọ nǹkan tún ṣe: rédíò, kẹ̀kẹ́, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, aago ara ògiri. Èmi tí wọ́n bí lọ́kùnrin, ìwé nìkan ni mo mọ̀. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí mo bá mú òòlù dání nínú ilé wa, ẹ̀rín ni gbogbo wọn máa ń fi mí rín. Mo dúró ti ọkọ̀ náà, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé èmi gan-an ni n ó tún un ṣe, níbẹ̀, lójú màmá mi.

Mo pe mẹkáníìkì mi lórí fóònù, mo ròyìn ariwo náà fún un. Ó ní ó jọ pé pọ́ọ̀mpù epo, èyí tó máa ń fa epo láti inú táǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì, ló ti kú. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀, òun ń bọ̀ wá wò ó ní Mọ́ńdè. Ohun tí ìyàwó mi náà sọ nìyẹn nígbà tí mo pè é láti sọ fún un pé Ìrókò ni n ó sùn.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ di Mọ́ńdè, Dádì," ó wí. "Ẹ wọkọ̀ èrò wálé."

"Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Kò le rárá."

"Lórí fóònù ni kò le."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó má dààmú.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gun ọ̀kadà dé Mọ́níyà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Géètì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo ra pọ́ọ̀mpù tuntun, mo sì tún padà. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo wọ ṣòkòtò kan tí bàbá mi máa ń wọ̀ lọ sóko, mo gbé fóònù ti ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí n lè máa wo ọkùnrin inú fídíò bó ṣe ń ṣe é. Mo tú wáyà bátìrì. Mo fa àga ẹ̀yìn yọ, mo gbé e síta. Owó ẹyọ tí kò sẹ́ni tó ń ná mọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, bíírò ọmọ mi kan wà níbẹ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni mo sì ti rí ìdérí irin kékeré tó bo ojú táǹkì. Eruku pupa ti bò ó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n nù.

Ọkùnrin inú fídíò ní kí epo má pọ̀ nínú táǹkì kí a tó ṣí i. Tèmi kún dẹ́nu. Mo wá rọ́bà, mo ti ẹnu rẹ̀ kan bọ inú táǹkì, mo sì fi ẹnu fa ìkejì bí mo ṣe ń rí i tí àwọn awakọ̀ ń ṣe. Epo dà sí mi lọ́fun. Mo ń wúkọ́, mo ń tutọ́, màmá mi dìde gbé omi wá fún mi, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

"Ṣé o ò ní kú báyìí?"

"Mi ò ní kú, Mọ́mì. Ẹ jókòó."

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo ní nínú búùtù. Mo gbé wọn sábẹ́ igi, mo da epo sí wọn. Mo rí aránṣọ tó ń gbé èédú jáde láti fi sínú ayọ́ọ̀nù rẹ̀, mo sì kígbe mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná lónìí o! Epo wà nílẹ̀."

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó sì gbé èédú rẹ̀ wọlé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, Mùsùlùmí, ó ń ránṣọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ìyá ìlú. Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ lórí màmá mi.

Mo ṣọ́ra gan-an lọ́jọ́ náà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Mo lé àwọn adìyẹ kúrò nídìí epo, mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, mo tiẹ̀ pa fóònù mi nígbà tí mo fẹ́ ṣí táǹkì nítorí ohun tí ẹnìkan kọ sábẹ́ fídíò náà.

Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kún, epo ṣì pọ̀ nínú táǹkì. Màmá mi ti wọlé lọ sùn díẹ̀ nígbà yẹn. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo sì rí kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń ra kẹrosíìnì ni. Ó ti gbẹ, ẹ̀kán kẹrosíìnì díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé sítóòfù ni wọ́n fi ń dáná. Mo ti ra gáàsì fún wọn, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá bí àlejò tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde, mo da èyí tó kù nínú epo sí i, ó kún dé ìdajì. Oòrùn ti yí dé abẹ́ igi nígbà náà. Mi ò fẹ́ kí oòrùn pa á, ibòji abẹ́ igi ò sì gba òmíì mọ́. Mo wò ó pé iná kankan ò sí ní kíṣìnì, ibẹ̀ tutù. Mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní tí Mọ́mì bá jí, n ó sọ fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣí táǹkì. Òrùka tó de pọ́ọ̀mpù mọ́lẹ̀ ò fẹ́ tú, mo fi òòlù àti igi kàn án díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yí. Ó gé mi níka. Mo fa pọ́ọ̀mpù àtijọ́ jáde, ẹrẹ̀ dúdú ti dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo já a kúrò lára ìdúró rẹ̀, mo fi tuntun sí i, mo fi rọ́bà tuntun yí ẹnu táǹkì ká, mo dè é padà, mo so wáyà pọ̀. Mo da kẹ́ẹ̀gì kan sí táǹkì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó dún fẹ́ẹ́ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Mo yí i síwájú sí i. Ọkọ̀ gbiná.

Mo kígbe. Aránṣọ sáré jáde pẹ̀lú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, ó ń pàtẹ́wọ́. Màmá mi jáde láti ojú oorun, wọ́n ń so ìró wọn, wọ́n rọra gbé ọwọ́ lé bọ́néẹ̀tì bí ẹni tó ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná.

"O jọ bàbá ẹ," wọ́n wí. "Àṣé o jọ wọ́n."

Mi ò mọ̀ bóyá mo ti láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Mo ní kí wọ́n wọlé jókòó síwájú. Mo gbé wọn yí ìlú ká, a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a kọjá lọ́jà, a gba ọ̀nà Ìjàyè lọ díẹ̀ láàárín oko ẹ̀gẹ́ kí a tó yí padà. Gbogbo ẹni tó kí wọn ni wọ́n ń sọ fún láti ojú fèrèsé pé, "Ọmọ mi ló tún un ṣe o! Fúnra ẹ̀ ni!" Nígbà tí a dé, mo da kẹ́ẹ̀gì kejì sínú táǹkì, mo wo géèjì, ó ti lọ sókè dáadáa. Ìyàwó mi pè, ó ní òjò ń ṣú ní ìgboro. Mo wẹ ọwọ́, mo wọṣọ, mo dọ̀bálẹ̀ kí Mọ́mì pé ó dàbọ̀, mo sì lọ. Kẹ́ẹ̀gì kẹta ò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn mọ́.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè mo ń fọ ọkọ̀ níwájú ilé wa ní Ọlọ́runṣògo kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti pe ọkùnrin ilé kejì wá, mo ń gbé àga ẹ̀yìn sókè fún un láti fi ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ hàn án. Ìyàwó mi jáde pẹ̀lú fóònù mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Aránṣọ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀. Iná jó Mọ́mì. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń sọ̀rọ̀, a ti ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Mọ́níyà. Sítóòfù ló gbiná mọ́ wọn lọ́wọ́."

Bó ṣe pe sítóòfù ni mo ti mọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ.

"Èmi ni," mo sọ fún ìyàwó mi.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Pẹtiróòlù ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Ó fà mí dìde, a wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà lọ geere, kò kọ́sẹ̀ rárá, kò fà sẹ́yìn lórí òkè kankan. Mo ń gbọ́ bí pọ́ọ̀mpù tuntun náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wa, ó sì ń ṣe mí bíi kí ó kú.

Bí aránṣọ ṣe sọ ọ́ fún wa nìyí. Màmá mi jí láti se ẹyin àti tíì kí wọ́n tó lọ ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rọ epo sínú sítóòfù, wọ́n ṣáná sí i. Ohun tó gbọ́ ni ìró kan bí ìgbà tí aṣọ ńlá bá já, ó sì gbọ́ igbe. Ó ti rẹ aṣọ sínú báàfù ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fa aṣọ tó tutù náà jáde, ó sáré wọlé, ó dà á bo Mọ́mì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ìró tó ń jó kúrò lára wọn. Ó ń fi ìka rẹ̀ méjì tí wọ́n ti wé hàn wá bó ṣe ń sọ ọ́. Ìka tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú ni.

Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé apá ọ̀tún màmá mi láti ọwọ́ dé èjìká, wọ́n fi oògùn sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn. Wọ́n ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo bú sẹ́kún.

"Má sunkún," wọ́n wí. "Mo dé ìdí ilẹ̀kùn láàárọ̀, mo rí kẹ́ẹ̀gì tó wúwo. Mo ní háà, ọmọ yìí ti bá mi ra kẹrosíìnì láìsọ. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, mo gbàdúrà fún ẹ kí n tó ṣáná."

Títí di òní, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, kì í ṣe apá wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àdúrà yẹn ni.

Mo sọ fún wọn pé pẹtiróòlù ni, pé èmi ni mo dà á síbẹ̀ tí mo sì gbàgbé.

"Mo mọ̀," wọ́n wí. "Bí iná ṣe bú jáde ni mo ti mọ̀. Òórùn epo ló gba gbogbo àgbàlá láti àná, ni imú mi ò ṣe yà á sọ́tọ̀." Wọ́n di ojú wọn. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni."

Àwọn tó wá kí wọn pọ̀. Pásítọ̀ wá, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn tí wọ́n kọ́ ní ilé ìwé wá láti Ìbàdàn. Obìnrin kan tó jẹ́ ara Aládùúrà gbé omi àdúrà wá, ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ó ti rí iná náà lójú ìran. Ẹlòmíì béèrè pé báwo ni sítóòfù tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ṣe ṣàdédé gbiná. Màmá mi dáhùn pé, "Kẹrosíìnì òde òní, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń dà sí i?"

Mo la ẹnu. Wọ́n nawọ́ òsì jáde lábẹ́ aṣọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo pa ẹnu dé. Gbogbo yàrá ń mi orí, wọ́n ń bú àwọn tó ń lú epo, wọ́n ń ṣàánú mi pé mo jẹ́ ọmọ gidi, mo dúró ti ìyá mi tọ̀sán-tòru. Mo gba gbogbo rẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí irú ẹ̀ mọ́.

Aránṣọ ló là mí lójú sí ohun tí irọ́ náà ti fà. Mo máa ń gbé e lọ tún ìka rẹ̀ wé, nítorí mi ò lè jẹ́ kó máa fi ọ̀kadà lọ nítorí ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń padà bọ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kó tó lanu. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá oníkẹrosíìnì?"

Mo mọ ìyá náà. Opó ni, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, ọwọ́ rẹ̀ ni màmá mi ti máa ń ra kẹrosíìnì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

"Àwọn èèyàn ní wọ́n ta epo àdàlù fún Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó ń rà lọ́wọ́ wọn mọ́. Lánàá, àwọn ọ̀dọ́ kan lọ da dúrọ́ọ̀mù wọn nù, wọ́n ní kí ìyá náà fi ìlú sílẹ̀."

Mo dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Òórùn pẹtiróòlù ni mo gbọ́ lára Mọ́mì nígbà tí mo ń já aṣọ kúrò lára wọn," aránṣọ wí. Kò wo ojú mi, ìka rẹ̀ ló ń wò. "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń retí pé ẹ máa sọ ọ́."

"Mọ́mì ló ní kí n má sọ."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àbí èmi ni?"

Ó yà mí lẹ́nu pé ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí iná ti jó, ọ̀tá ni wọ́n ń dá lẹ́bi, òṣìkà aládàlù ni, èṣù ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ẹ̀bi náà síbi tó yẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní màmá mi lè máa lọ sílé. Kí n tó gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá oníkẹrosíìnì fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n dákẹ́. Wọ́n jókòó, ojú wọn sì le bí mo ṣe ń rí i nígbà tí mo wà ní kíláàsì wọn tí ọmọ kan bá jalè.

"Èmi ló fa ìyẹn," wọ́n wí. "Èmi pẹ̀lú ẹnu mi."

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Àwa méjèèjì ni. Má bá mi jiyàn. Má gbé mi lọ sílé kọ́kọ́. Ìsọ̀ wọn ni kí o gbé mi lọ."

Mo gbé wọn lọ. Ìyá náà jókòó síwájú ìsọ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ju fọ́nnẹ́ẹ̀lì àti ìgò díẹ̀ lọ. Nígbà tó rí wa, ó dìde, ó sì fẹ́ wọlé. Màmá mi sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n fi ọwọ́ òsì di apá mi mú, aṣọ ṣì wà ní ọ̀tún. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

"Ẹ má wọlé, ẹ jọ̀ọ́," màmá mi wí, ohùn tíṣà ni wọ́n lò, ó dé òdìkejì ọ̀nà. "Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ gbọ́. Kẹrosíìnì ìyá yìí ò jó mi. Pẹtiróòlù ló jó mi. Ọmọ mi ló dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbàgbé rẹ̀, èmi ni mo rọ ọ́ sínú sítóòfù. Mo fi irọ́ bò ó. Ẹ forí jì mí."

Ọmọ mi ló dà á. Wọn ò tíì sọ ọ́ síta rí. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn níwájú ìyá náà, mo tún un sọ lẹ́nu ara mi, mo ní èmi ni, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn wọ́n, mo dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́ tán, mi ò tíì gbọ́ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ nígbà tí irọ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà wo apá màmá mi.

"Alihamudulilahi pé ẹ̀mí ò lọ, Tíṣà," ó wí. "Ẹ̀yin, mo ti forí jì yín." Ó wá wo èmi tó wà nílẹ̀. "Ìwọ ní tìẹ, dìde. Lọ sọ ọ́ fún àwọn tó da ọjà mi nù."

Mo lọ. Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, lémọ́ọ̀mù sì fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo wá àwọn ọ̀dọ́ náà rí nídìí ọ̀kadà wọn, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Mo ra dúrọ́ọ̀mù tuntun fún ìyá náà, mo sì ra kẹrosíìnì kún un, ó gbà á láìdúpẹ́. Ọjà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá kí i báyìí, á dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kì í béèrè àwọn ọmọ mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìka aránṣọ ti jinná, ó ti ń rán aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ọ̀kan nínú wọn kì í mọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá gún un. Apá màmá mi jinná, awọ rẹ̀ sì ń dán, ó fà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò ká tán mọ́. Wọ́n ń fi òsì kọ̀wé báyìí, lẹ́tà gàgàrà bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní, wọ́n sì ń bínú sí i. Gáàsì ti kúrò ní kọ̀rọ̀ yàrá. Mo lo odindi ọjọ́ kan láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tàn án, èmi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà jù.

Mi ò ta ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ tà á, màmá mi ló ní kí n má tà á. Kò tíì kọ iṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà míì, bí a bá ń bọ̀ láti ọsibítù, wọ́n á sọ fún ẹni tó bá bá wa wọkọ̀ pé èmi ni mo tún un ṣe. Ìgbéraga wà nínú ohùn wọn. Mo máa ń wo iwájú, mo máa ń yára sọ nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, aránṣọ rìnrìn àjò, kò sí ẹni tí yóò wé gèlè fún wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ní kí n gbìyànjú. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, ó ń tú. Ibi tí iná ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn wọn wà níwájú ojú mi gan-an, mo ń ṣọ́ra kí ọwọ́ mi má kàn án.

"Ó ti tó," wọ́n wí. "Àwọn ìyá á fi mí rẹ́rìn-ín. Jẹ́ ká máa lọ, fèrèsé ò tíì ṣí."

Wọ́n dìde, gèlè náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì jọ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.